Owó Tí Wọn Kò Rí Pààrọ̀ àti Owó Tí Mo Sáré Pààrọ̀

Owó bébà mẹ́ta kan wà nínú àpótí ìyá àgbà tí a kò lè fi ra iyọ̀. Ogún náírà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwòrán Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà lára wọn gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà lára ogún náírà òde òní, ṣùgbọ́n àwọ̀ wọn yàtọ̀, bébà wọn sì ti rọ̀ bí aṣọ ògbólógbòó. Ìyá àgbà fi ọ̀rá wé wọn, wọ́n sì fi kàfúrà sí i. Wọn kì í fi han àlejò. Èmi gan-an, oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni mo kọ́kọ́ rí wọn, nígbà tí ariwo owó tuntun bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò.

Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni mo ti ń gbé láti ọmọ ọdún méje. Bàbá mi ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà ní Ìbàdàn. Abúlé wa wà ní Òkè-Ògùn, kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ìlú aṣọ òfì. Èlùbọ́ ni ìyá àgbà ń ṣe. Tí ọyẹ́ bá ti dé, wọn a ra iṣu lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. A ó bẹ ẹ́, a ó bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná (kì í ṣe pé a ó sè é jinná o, ẹni tó bá jẹ́ kó jinná ti ba ọjà jẹ́), a ó jẹ́ kó sùn nínú omi náà di ọjọ́ kejì, a ó wá sá a sórí àpáta. Bí ó bá gbẹ tó ń dún kó-kó-kó, ó yá, ó di ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni ọjà wa, kóńgò ni a sì fi ń wọ̀n ọ́n tà.

Owó ọwọ́ ni gbogbo iṣẹ́ yìí fi ń rìn. Àgbẹ̀ tó ta iṣu fẹ́ owó lójú ẹsẹ̀, ọlọ́kadà tó gbé e wálé fẹ́ owó lójú ẹsẹ̀, ẹlẹ́rọ kò sì ní í tan ẹ̀rọ láìrí owó. Ìyá àgbà kò ní àkáǹtì ní báńkì kankan. Báńkì tiwọn ni ìkòkò kan tó wà lẹ́yìn ibùsùn, tí wọ́n da èlùbọ́ bo owó inú rẹ̀.

Ọ̀nà tí àwọn àgbà abúlé wa ń gbà ka owó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Ìyá àgbà ṣì ń pe náírà kan ní sílè mẹ́wàá. Mo rò pé ogbó ni, àfi ìgbà tí mo ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni Nàìjíríà fi pọ́n-ùn àti sílè sílẹ̀, tó mú náírà àti kọ́bọ̀. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì. Ogún sílè ló wà nínú pọ́n-ùn kan, nítorí náà sílè mẹ́wàá ni náírà kan lóòótọ́. Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ni àpò kan; ìdí nìyẹn tí àpò fi jẹ́ igba náírà lẹ́nu wọn títí di òní. Kọ́bọ̀ pàápàá kì í ṣe orúkọ tuntun, pẹ́nì ni àwọn èèyàn ti ń pè bẹ́ẹ̀ kí ìjọba tó mú un. Bí a bá tún lọ sẹ́yìn sí i, ọ̀kẹ́ tí à ń kà nínú òǹkà Yorùbá, àpò owó ẹyọ ni: ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan, àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì di ọ̀kẹ́. Owó náà ti kú, ẹnu wa ló ṣì ń ná an.

Ìyá àgbà ní nígbà tí náírà dé, kò sí ẹni tó sá. Wọ́n ní ohun tó ba àwọn lẹ́rù ni ti 1972, ọdún tó ṣáájú rẹ̀, nígbà tí ìjọba ní kí mọ́tò kúrò lápá òsì, kó máa gba apá ọ̀tún. Oṣù mélòó kan ni wọn kò fi gbà láti wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn. Ní ti owó, wọ́n ń kà á ní sílè lọ ni, ọkàn wọn sì balẹ̀.

Ti 1984 kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari kò tíì pé oṣù mẹ́rin lórí oyè nígbà tí ó kéde, ní ìparí oṣù kẹrin, pé àwọ̀ owó bébà yóò yí padà. Ìjọba ti ẹnubodè pa, kí àwọn tó kó náírà sókè òkun má baà rí i kó padà wọlé. Àyè tí ó fún ará ìlú láti pààrọ̀ owó kò tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Oko ẹgàn ni bàbá àgbà wà. Òjò ti ń rọ̀, ebè ni wọ́n ń kọ. Rédíò kan ṣoṣo ló wà ní àgọ́ oko náà, bátìrì rẹ̀ sì ti kú. Nígbà tí ẹnìkan mú ìròyìn dé, wọ́n rò pé àwọn olówó ìgboro ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Nígbà tí wọ́n fi délé, ó ku ọjọ́ kan. Wọ́n fi òru rìn dé Ìsẹ́yìn, wọ́n bá èrò rẹpẹtẹ lẹ́nu ọ̀nà báńkì. Kó tó kàn wọ́n, ilẹ̀kùn ti tì.

₦320 ni, owó tábà àti iṣu ọdún náà. Ogún náírà mẹ́rìndínlógún. Ogún náírà yìí ni owó bébà tó tóbi jù lọ láyé ìgbà náà. Ìyá àgbà ní ojú òun ni ọkọ òun ṣe fi mẹ́tàlá nínú rẹ̀ dáná. Mẹ́ta ni òun rí gbà sílẹ̀. Owó ìwé àti aṣọ ni, torí wọ́n fẹ́ kí bàbá mi wọ ilé-ìwé girama lọ́dún náà. Bàbá mi kò wọ ọ́. Ó lọ kọ́ṣẹ́ bíríkìlà.

Nítorí náà, nígbà tí báńkì àgbà ìjọba kéde ní 2022 pé igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà àti ẹgbẹ̀rún náírà yóò gba àwọ̀ tuntun, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìyá àgbà bi mí.

“Ta ló ń jọba báyìí?”

Mo ní Buhari ni.

“Òun náà?”

Ìgbà náà ni wọ́n pè mí wọ yàrá, tí wọ́n tú ọ̀rá náà.

Owó tuntun jáde ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá. Ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2023 ni ìjọba ní àtijọ́ yóò kú, lẹ́yìn náà ó sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. Bí owó ṣe pòórá lẹ́yìn èyí, ó ṣòro láti ṣàlàyé fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Àtijọ́ ń wọlé sí báńkì, tuntun kò jáde tó. Ní ọjà wa, mo rí ẹni tó fi ata gba iyọ̀. Mo rí ẹni tó gbé adìẹ wá tà, tó gbé e padà sílé nítorí pé ẹni tó fẹ́ rà á kò ní nǹkan kan tí òun fẹ́ gbà. Àwọn oníPOS ń gba igba náírà, wọ́n ń gba ọ̀ọ́dúnrún, lórí ẹgbẹ̀rún kan. Àwọn kan fẹ́ san owó èlùbọ́ nípa tiransifá, ṣùgbọ́n orí àpáta tí a sá iṣu sí nìkan ni nẹ́tíwọ́kì wà. Oníbàárà yóò gun àpáta, yóò na fóònù sókè, yóò fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì bàbá mi ní Ìbàdàn, níbi tí bàbá mi náà kò ti rí owó gbà jáde. A gbọ́ lórí rédíò pé àwọn aṣojú kan ń kiri ìgbèríko láti bá èèyàn pààrọ̀ owó. Wọn kò dé ọ̀dọ̀ tiwa.

Èmi kò sọ pé ìdí tí ìjọba wí kò dára. Ó ní owó tó pọ̀ jù wà níta báńkì. Àwọn mìíràn ní kí àwọn olóṣèlú má baà rí owó fi ra ìbò ni, ìbò ààrẹ sì ń bọ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù kejì. Ṣùgbọ́n ₦46,000 ló wà nínú ìkòkò ìyá àgbà, mi ò sì rí ìbò kankan nínú rẹ̀. Páànù ni mo rí. Òrùlé ilé ìdáná tí a ti ń bọ iṣu ti jò fún ọdún méjì, ọdún méjì ni ìyá àgbà sì fi ń kó owó náà jọ.

Mo gba nọ́ńbà àkáǹtì bàbá mi, mo sì tẹ̀ lé ìyá àgbà lọ sí báńkì kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, géètì rẹ̀ wà ní títì, ẹnikẹ́ni kò sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kọ orúkọ wa sí ìwé, nọ́ńbà 214. Nígbà tí oòrùn wọ̀, wọn kò tíì pe 90. Ìyá àgbà jókòó sórí bàtà wọn látàárọ̀.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Lọ́jọ́ 8 oṣù kejì, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti pàṣẹ pé kí ìjọba má tíì fòpin sí owó àtijọ́, nítorí ẹjọ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kaduna, Kogi àti Zamfara pè. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní Ètò Ìjọba ṣàlàyé rẹ̀ ní kíláàsì. Wọ́n ní kí a sọ fún àwọn ará ilé wa pé kí wọ́n fara balẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo sì fa ìlà sí i nídìí.

Lọ́jọ́ 16, ààrẹ bá ará ìlú sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Ó ní igba náírà àtijọ́ yóò máa ná títí di ọjọ́ 10 oṣù kẹrin, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún ti parí. Nínú ₦46,000 yẹn, kò sí igba náírà kankan.

Ọkùnrin kan wà ní gáréèjì tó ń fi owó tuntun gba àtijọ́, ọ̀ọ́dúnrún lórí ẹgbẹ̀rún kan. Ìyá àgbà ní kí a dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí òun ló ń dùn mí jù: àwọn ni wọ́n ní kí a dúró. Èmi ni mo lọ mú ogún náírà mẹ́ta yẹn jáde nínú àpótí, tí mo tò wọ́n sílẹ̀ níwájú wọn, tí mo ní, “Ṣé ẹ fẹ́ kó owó páànù mọ́ ìwọ̀nyí ni?”

Wọn kò dá mi lóhùn. Wọ́n ki ọwọ́ bọ inú ìkòkò.

₦32,200 ni mo gbà bọ̀ láti gáréèjì. ₦13,800 ti lọ.

Lọ́jọ́ 3 oṣù kẹta, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé owó àtijọ́ yóò máa ná títí di ọjọ́ 31 oṣù kejìlá. Ọjọ́ mẹ́wàá tún kọjá kí báńkì àgbà tó ní òun gbà. Nínú ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, olùkọ́ wa fúnra wọn kò rí ẹni gba ẹgbẹ̀rún àtijọ́ lọ́wọ́ wọn. Kí oṣù náà tó parí, ó ti ń ná nínú ọjà wa bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ ọjà kan, oníbàárà kan fún ìyá àgbà ní ẹgbẹ̀rún àtijọ́. Wọ́n gbà á, wọ́n wò ó, wọ́n wò mí.

Mo ti rò ó títí. Ìròyìn pẹ́ dé ọ̀dọ̀ bàbá àgbà, ìyẹn ló bá tiwọn jẹ́. Èmi, ìròyìn dé bá mi lọ́jọ́ tó jáde gan-an, láti ẹnu ààrẹ àti láti ẹnu ilé ẹjọ́, wọ́n sì tako ara wọn. Ní 1984, àṣẹ ológun ni ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ní 2023, ìwé òfin wà, ilé ẹjọ́ sì lè bi ààrẹ léèrè. Orúkọ ọkùnrin kan náà ni mo gbọ́, mo bá gbà pé ọdún kan náà ni. Mo mọ ìtàn ilé wa dáadáa, kíláàsì ni mo sì ti gbọ́ ìyókù, ṣùgbọ́n mi ò fi ọ̀kan wo èkejì.

Síbẹ̀, bí mo bá dúró, tí ilé ẹjọ́ sì dá a lẹ́jọ́ mìíràn ńkọ́? Ìbéèrè yìí kì í jẹ́ kí n lè bá ara mi wí tó bó ṣe yẹ.

Páànù tí ₦32,200 rà bo ìdajì ilé ìdáná. Tapólì ló wà lórí ìdajì kejì títí di àkókò tí mo ń kọ èyí. Bí òjò bá ṣú, èmi ni mo máa ń sáré lọ fa iṣu sí abẹ́ páànù. Ẹnikẹ́ni kò rán mi.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ilé ẹjọ́ náà tún sọ pé kí owó àtijọ́ àti tuntun jọ máa ná lọ. Mo sáré wá sọ fún ìyá àgbà. Wọ́n ń fi asẹ́ jọ èlùbọ́ lọ́wọ́.

“Ta ló sọ ọ́, ilé ẹjọ́ ni àbí ààrẹ?”

Mo ní ilé ẹjọ́ ni.

“Ààrẹ ńkọ́?”

Mo ní ààrẹ ti yí padà, Bọ́lá Tinúbú ló wà níbẹ̀ báyìí. Wọ́n gbọn asẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n da èérí inú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Lọ tún un gbọ́ dáadáa, ọkọ mi, kí o tó wá sọ ọ́ fún mi.”