Ikú Ilé Inú Sẹ́ẹ̀lì

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Bí jẹjẹrẹ bá mú bàbá kan ní Ìkirè tàbí Apòmù, òwe yìí làwọn kan fi ń fura sí ìyàwó tàbí àbúrò rẹ̀. Òwe náà ò parọ́, ilé onílé ni wọ́n lọ ń wá ikú náà sí. Aáwọ̀ inú ọjà Apòmù wà lára ohun tó dá ogun Òwu sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1821, Yorùbá ló sì ń pa Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ prostate rí, èyí tó ń mú ọkùnrin Nàìjíríà ju jẹjẹrẹ yòókù lọ: ohun tí ara fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló ń dìde sí i.

MicroRNA, ègé RNA kékeré inú sẹ́ẹ̀lì, wà lára ohun tí ara ṣe bẹ́ẹ̀. Ara aràn tín-ín-rín ni Victor Ambros àti Gary Ruvkun ti ṣàwárí rẹ̀ lọ́dún 1993, òun ló sì gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn ní 2024. Kò gùn ju nǹkan bí lẹ́tà 22 lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó lẹ̀ mọ́ iṣẹ́ tí jíìnì rán, kí iṣẹ́ náà má baà di jíjẹ́. Méjì nínú wọn, miR-15a àti miR-16-1, ló ń ká BCL2 lọ́wọ́ kò, purotéènì tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì kú nígbà tó yẹ kó kú. Wọ́n tún ń ká cyclin D1 lọ́wọ́ kò, èyí tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì máa pín. Orí krómósómù 13 ni wọ́n wà, ibẹ̀ sì máa ń já dànù nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ prostate. Ti miR-21 yàtọ̀: pípọ̀ ló ń pọ̀ jù, tó fi ń pa PTEN, ìjánu ìdàgbà sẹ́ẹ̀lì, lẹ́nu mọ́.

Ẹnì kan lè bi wá pé: ṣé àwọn microRNA yìí ló fa àrùn náà, àbí àrùn ló bà wọ́n jẹ́? Ìbéèrè gidi ni. Lọ́dún 2008, àwọn onímọ̀ ní Ítálì dí miR-15a àti miR-16 lọ́wọ́ nínú prostate èkúté tára rẹ̀ dá, sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ sì pọ̀ kọjá ààlà. Nígbà tí wọ́n dá wọn padà sínú jẹjẹrẹ tí wọ́n gbìn sára èkúté, kókó náà súnkì gan-an. Ohun tí a yọ tí nǹkan fi bàjẹ́, tí a dá padà tó fi ń sàn, kì í ṣe ẹlẹ́rìí lásán. Lóòótọ́, èkúté kì í ṣe ènìyàn. Oògùn MRX34, tí wọ́n fi ṣe àwòkọ microRNA mìíràn, miR-34a, fún oríṣiríṣi jẹjẹrẹ, ni wọ́n dá dúró ní 2016 torí ewu tó fà fún àwọn tó ń gbà á. Ká mọ ẹni tó dalẹ̀ yàtọ̀ sí ká rí i mú.

Kí ni èyí kan ará Ìkirè? Fún òní, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA ni dókítà ṣì ń lò, ilé ìwòsàn UCH wà ní Ìbàdàn, ti OAU náà wà ní Ifẹ̀, ọ̀nà kan náà ló so wọ́n pọ̀. Àmọ́ PSA máa ń ga bí prostate bá kàn wú lásán, láìsí jẹjẹrẹ rárá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wo microRNA: ní 2008 kan náà, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà rí miR-141 tó pọ̀ lẹ́jẹ̀ àwọn tí jẹjẹrẹ prostate wọn ti tàn kálẹ̀. Wọ́n tún rí i pé omi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ láìsí yìnyín fún wákàtí 24 kò pàdánù microRNA inú rẹ̀. Omi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní Apòmù láàárọ̀ á ti dé Ìbàdàn tipẹ́ kí wákàtí yẹn tó pé.