Ọ̀dà aláwọ̀ tó ń dá ooru oòrùn padà

Ọ̀dà aláwọ̀ tó ń dá ooru oòrùn padà ni ọ̀dà ilé tí wọ́n fi àwọn èròjà àwọ̀ kan pò, kí òrùlé tàbí ògiri lè dúdú, kó pupa tàbí kó ní àwọ̀ ewé bí onílé ṣe fẹ́, síbẹ̀ kó má gbóná tó ọ̀dà lásán tó ní àwọ̀ kan náà. Ó wúlò ní ìlú olóoru bíi Libreville, olú-ìlú Gàbọ̀n, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sórí ìlà agbedeméjì ayé.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ojú kì í rí gbogbo ohun tí oòrùn ń rán wá. Nínú 100 agbára oòrùn tó ń dé ilẹ̀, nǹkan bí 43 ni ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, nǹkan bí 5 ni ultraviolet, ìyókù sì jẹ́ infrared, tí ojú kò rí ṣùgbọ́n tí páànù mọ̀ lára. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú rí ló ń pinnu àwọ̀. Nítorí náà, ọ̀dà méjì lè dúdú bákan náà, kí ọ̀kan máa gba infrared mọ́ra, kí èkejì máa dá a padà. Ewé igi ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́: nǹkan bí ìdajì infrared tó bá bà lé ewé tútù ló ń dá padà.

Ká mú páànù dúdú méjì. Èédú kíkúnná, ìbátan dúdú ìdí ìkòkò, ló wà nínú ọ̀dà ti àkọ́kọ́. Nǹkan bí 5 nínú 100 agbára oòrùn ló ń dá padà. Ti èkejì jẹ́ àdàpọ̀ irin àti chromium, ó sì lè dá 25 padà. Lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn bá da wáàtì 1,000 sórí mítà kan níbùú lóròó, àkọ́kọ́ gba 950, èkejì gba 750. Kò tó ọ̀dà funfun tuntun, tó lè dá 80 nínú 100 padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló fẹ́ òrùlé funfun.

Àwọn èròjà

Inú iná ìléru ni wọ́n ti ń sun ọ̀pọ̀ èròjà wọ̀nyí: cobalt àti aluminium fún búlúù, nickel, antimony àti titanium fún àwọ̀ ìyeyè. Nítorí pé iná ló bí wọn, oòrùn kì í tètè mú wọn ṣá. Àwọn kan kì í dá infrared padà fúnra wọn. Ńṣe ni wọ́n ń jẹ́ kó kọjá. Irú wọn ń fẹ́ ọ̀dà funfun lábẹ́, tí yóò dá a padà fún wọn.

Ìtàn

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ológun wá ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí fíìmù infrared kò ní yà sọ́tọ̀ láàárín igbó. Ní 2005, àwọn onímọ̀ Lawrence Berkeley National Laboratory ní Kalifóníà tẹ àyẹ̀wò ọ̀dà 87 jáde. Ní 2009, Mas Subramanian àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Oregon State University ṣèèṣì rí búlúù YInMn nígbà tí wọ́n ń wá ohun èlò ẹ̀rọ. Ó ń dá infrared padà dáadáa, ṣùgbọ́n indium inú rẹ̀ wọ́n.

Ní Libreville

Páànù, tí wọ́n ń pè ní *tôle* níbẹ̀, ló bo ọ̀pọ̀ ilé. Páànù tí a kò kùn ń kọ mànà, ṣùgbọ́n ooru tó bá ti wọ inú rẹ̀ kì í tètè jáde. Ọ̀dà ló ń jẹ́ kó tú u sílẹ̀. Ní March àti September, oòrùn a máa kọjá sí àárín orí gan-an, nítorí náà òrùlé ló yẹ kí a kọ́kọ́ kùn, kí ògiri tẹ̀ lé e. Ní ilẹ̀ olótùútù, irú òrùlé bẹ́ẹ̀ ń fi ooru tí onílé nílò ṣòfò nígbà òtútù; Libreville kò ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti June sí September, ìkùukùu ló sábà máa ń bo ojú ọ̀run, tí ara sì ń tù.

Ọ̀tá ọ̀dà yìí ni ọ̀rinrin. Òjò ọdún kan níbẹ̀ sún mọ́ mílímítà 3,000, ìdọ̀tí tútù tó ń yọ̀ sì máa ń hù sórí òrùlé. Ìdí nìyí tí Cool Roof Rating Council ti Amẹ́ríkà fi ń gbé àpẹẹrẹ ọ̀dà síta fún ọdún 3, Florida ọlọ́rinrin sì wà lára ibi tí wọ́n ń gbé e sí. Níbi tí ìdọ̀tí bá ti bo òrùlé, òun ni oòrùn ń bá pàdé, kì í ṣe ọ̀dà. Ẹni tó kùn ún ní láti máa fọ̀ ọ́.