Kéú, Sáyẹ́ǹsì àti Iṣẹ́ Oṣù: Ohun Tí Ìtàn Fi Kọ́ Wa

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun Ọba ni, Ẹni tí ó fi ìmọ̀ jíǹkí ọmọ ènìyàn. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹni tó bá fetí sí ọ̀rọ̀ àwọn òbí níwájú mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ yóò gbọ́ oríṣi ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ẹnì kan á ní, "Kéú kì í gbé oúnjẹ wálé." Ẹlòmíràn á ní, "Sáyẹ́ǹsì ti òyìnbó ni, ìgbàgbọ́ ló ń bà jẹ́." Ẹ̀kẹta á ní, "Ọmọ mi ti gba dìgírí, kí ló dé tí kò tíì ríṣẹ́?" Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ìtàn. Tí a bá mọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá, a ó mọ èyí tó yẹ ká mú níbẹ̀ àti èyí tó yẹ ká jù nù.

Sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́ àwọn aṣáájú

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ní sáyẹ́ǹsì ti òyìnbó ni. Ní Baghdad, ní ayé Khalifa al-Ma'mun tó jọba láti 813 sí 833, onímọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Muhammad ibn Musa al-Khwarizmi. Òun ló kọ ìwé ìṣirò tí aljẹ́bírà ti gba orúkọ. Kí ló torí rẹ̀ kọ ọ́? Òun fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé àwọn ènìyàn nílò rẹ̀ láti pín ogún, láti ṣòwò, láti wọn ilẹ̀, àti láti gbẹ́ ojú omi. Apá ńlá nínú ìwé náà, orí ogún pípín ló dá lé. Ẹni tó bá ti kọ́ ìmọ̀ ogún nílé kéú mọ̀ pé ìṣirò ni í ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Láti ara orúkọ ọkùnrin yìí náà ni ọ̀rọ̀ náà algorithm ti jáde, ìyẹn ìlànà ẹsẹ̀-ẹsẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Ibn al-Haytham, tó kú ní Cairo ní nǹkan bí 1040. Òun ló fi àyẹ̀wò ṣàlàyé pé ìmọ́lẹ̀ ló ń ti ara nǹkan wọ inú ojú tí a fi ń ríran, kì í ṣe pé ojú ló ń ta ìmọ́lẹ̀ jáde. Ta ló wá sọ fún wa pé ìmọ̀ báyìí kì í ṣe tiwa?

Èkó lẹ́yìn 1861

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló mú kí àwọn baba wa sá fún ilé-ìwé? Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861. Ọdún méjì ṣáájú, ní 1859, ìjọ CMS ti dá Grammar School sílẹ̀ níbẹ̀. Ìjọba ń wá akọ̀wé, àwọn òyìnbó oníṣòwò náà ń wá akọ̀wé, àwọn ọmọ tó jáde nílé-ìwé ìjọ ló sì ń rí iṣẹ́ náà gbà. Mùsùlùmí pọ̀ ní Èkó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò fẹ́ rán ọmọ lọ. Ṣé wọ́n kórìíra ìmọ̀ ni? Rárá o. Ọwọ́ ìjọ ni ilé-ìwé wà. Ọmọ tó wọlé ní Bùráímọ̀ lè jáde ní Ábúráhámù. Ẹ̀rù kí ẹ̀sìn ọmọ má bọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀rù sáyẹ́ǹsì. Àwa tí a tẹ̀ lé wọn la gbàgbé ìdí, tí a wá di ẹ̀rù nìkan mú.

Ẹ̀rí wà pé wọn kò sá fún ọgbọ́n tuntun. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, 1894, wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí tí Mohammed Shitta Bey kọ́ ní Èkó, Gómìnà Carter sì wà níbẹ̀. Ọ̀nà ìkọ́lé tí àwọn Àgùdà gbé ti Brazil bọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. João Baptista da Costa ló darí iṣẹ́ náà, Sanusi Aka sì bá a ṣe é. Kò sẹ́ni tó ní nítorí pé ọgbọ́n náà ti òkè òkun wá, ìrun inú rẹ̀ kò ní gbà.

Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní 1896, ìjọba ṣí ilé-ìwé Mùsùlùmí ní Èkó. Edward Wilmot Blyden, ọmọ adúláwọ̀ láti West Indies, Kìrìsìtẹ́nì tó gbọ́ èdè Lárúbáwá, ló ṣe alárinà láàárín ìjọba àti àwọn Mùsùlùmí. Kéú àti ìwé òyìnbó wá wà lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo. Wọ́n ṣí irú rẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì lẹ́yìn náà. Ní 1923, àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní Èkó dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ ilé-ìwé kiri. Ní 1952, Sheikh Adam Abdullah al-Ilory dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955. Kéú náà di ohun tí à ń kọ́ ní kíláàsì, tí à ń gba ìwé ẹ̀rí lé lórí. Nígbà tí a mú ohun tó ń dẹ́rù bani kúrò, ṣebí àwọn ọmọ wa kàwé?

Nígbà tí ìwé ẹ̀rí di iṣẹ́

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ kẹta ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Òyìnbó ń lọ, àyè ń ṣí ní ọ́fíìsì. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, owó epo tún wọlé. Lásìkò yẹn, ẹni tó bá ti mú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Àwọn òbí wá gbà pé ìwé ẹ̀rí ni iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n owó epo já wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Ní 1986, ètò SAP dé, ìjọba fún ọwọ́ pọ̀, náírà sì ń já. Ilé-ìwé kò yé kọ́ ọmọ jáde, àga ọ́fíìsì ni kò pọ̀ sí i. Ayé yí, èrò wa ò yí.

Nígbà tí fóònù alágbèéká GSM dé ní 2001, ta ló kọ́kọ́ rí oúnjẹ jẹ níbẹ̀? Ọmọ tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú u, tí wọ́n ń tún un ṣe. Ní 2015, JAMB sọ gbogbo ìdánwò rẹ̀ di ti orí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ tí àwọn kan ń pè ní ohun ìṣeré ti di ẹnu ọ̀nà fásitì.

Kí ló wà nílé rẹ?

Abu Dáwúd gba hadísì kan wá pé ọkùnrin kan nínú àwọn Ánsárù wá tọrọ lọ́dọ̀ Ànábì (S.A.W.). Ànábì bi í léèrè ohun tó wà nílé rẹ̀. Aṣọ kan àti ife ìmumi ló ní. Ànábì ta méjèèjì ní dírhámù 2, ó ní kó fi 1 ra oúnjẹ fún ará ilé rẹ̀, kó fi 1 ra àáké. Ànábì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki èèkù bọ àáké náà, ó ní kó lọ ṣẹ́gi tà, kí òun má rí i fún ọjọ́ 15. Nígbà tó padà, ó ti ní dírhámù 10.

Ẹ̀yin òbí, ẹ wo bí ó ti ṣe é. Kò bi ọkùnrin náà pé ìwé wo ló kà. Kò sì fi àdúà nìkan tu ú sílẹ̀. Irinṣẹ́ ló fi lé e lọ́wọ́. Àáké ayé ọjọ́un ni kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ìránṣọ àti ẹ̀rọ ìjóná ayé òde òní. Kéú ni yóò kọ́ ọmọ wa ní òótọ́ àti halálì, ìwé ni yóò la ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ni wọn yóò fi sanwó fún un. Kò sí ọ̀kan tó lè rọ́pò èkejì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nítorí náà, kí ọmọ tó wá bá ìmáàmù fún àdúà iṣẹ́ gba àdúà, kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ inú jàmáà sì gbà á sọ́dọ̀ kọ́ ọ níṣẹ́. Ìmọ́ṣẹ́ yẹn náà, àdúà ni.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tó ń ṣàǹfààní àti arísìkí halálì. Àmín.