Irin Damásíkù, Iléru Ola-Igbi àti Ọ̀pá Òsùn Wa

Ọ̀rọ̀ irin ni mo mú wá, nítorí kò sí awo tí kò jẹ alágbẹ̀dẹ ní gbèsè. Ọ̀pá òsùn tí a kì í dùbúlẹ̀ àti ọ̀bẹ ìrúbọ, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti wá.

Ọ̀bẹ olówó ńlá kan wà tí ara rẹ̀ rí bí ìgbì omi. Ọ̀bẹ Damásíkù ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan láàrin wa ń sọ pé àwọn baba wa ló kọ́kọ́ ṣe é. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ní Íńdíà àti Sri Lanka ni wọ́n ti ń yọ́ irin ti àtijọ́ nínú ìkòkò amọ̀ tí a dé pa, kí àwọn alágbẹ̀dẹ Síríà àti Páṣíà tó fi rọ idà. Inú irin náà fúnra rẹ̀ ni àrà ara rẹ̀ ti wá, ọgbọ́n rẹ̀ sì ti pòórá kí 1900 tó dé. Ti òde òní yàtọ̀. Bill Moran, alágbẹ̀dẹ ará Amẹ́ríkà, ló fi tirẹ̀ han gbangba ní 1973. Wọn a to irin oríṣi méjì lé ara wọn, wọn a fi iná àti òòlù so wọ́n pọ̀, wọn a lù ú gùn, wọn a ṣẹ́ ẹ po. Bí ìpele bá jẹ́ 8, tí a ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó di 256. Ásíìdì ni wọ́n fi ń mú kí àrà rẹ̀ hàn.

Ohun tí a ní gan-an tó àmúyangàn. Ní 1904, C. V. Bellamy, ọ̀gá iṣẹ́ òde ìjọba ní Èkó, tẹ ìròyìn jáde nípa abúlé kan nítòsí Ọ̀yọ́ tí ó pè ní Ola-Igbi. Sísun irin ni iṣẹ́ abúlé náà. Wọn a wa òkúta irin, wọn a gún un, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a kó o pẹ̀lú èédú sínú iléru amọ̀, wọn a sì da díẹ̀ nínú ìdàrọ́ àtẹ̀yìnwá sí i kí ẹ̀gbin òkúta lè yọ́ ṣàn. (Àwa tí a ń pe ìdàrọ́ ní pàǹtí, ẹ gbọ́ o.) Iná náà a máa jó ju ọjọ́ kan lọ. F. W. Harbord, onímọ̀ irin ará Gẹ̀ẹ́sì, yẹ irin náà wò: irin líle ni, kì í ṣe irin rírọ̀ lásán.

Samuel Johnson, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1921, kọ ọ́ pé ilé ni wọ́n ti ń rọ gbogbo ohun onírin tẹ́lẹ̀, títí kan abẹ́rẹ́, àti pé ọjà òyìnbó tí kò tó tiwa lálòpẹ́ ló ń lé tiwa lọ nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901. Iléru kú, àgbẹ̀dẹ kò kú. Sípíríìnì mọ́tò ni wọ́n ń fi rọ àdá báyìí.

Ní Ṣómólú níbí, ìlú àwọn atẹ̀wé, ẹ wo abẹ ńlá inú ẹ̀rọ ìgéwèé. Ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ irin rírọ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ irin líle ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀. Ẹni tó mọ ìyàtọ̀ irin sí irin ló lè ronú irú èyí, àwọn ará Ola-Igbi sì mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni àwọn ọ̀pá òsùn àtijọ́. Bí baba bá ti papò dà, àwọn ọmọ mìíràn a tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin, kí wọ́n tó lọ ra tuntun tí wọ́n fi irin ìkọ́lé jó pọ̀. Irin iléru a máa ní fọ́nrán ìdàrọ́ nínú, tín-ín-rín bí irun. Bí onímọ̀ bá gé díẹ̀, tí ó dán an, tí ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó lè ti ibẹ̀ mọ irú òkúta tí irin náà ti wá. Irin tí wọ́n bá ti yọ́ di omi kò ní fọ́nrán yẹn mọ́.