Ta Ni Ó La Ọ̀nà fún Eléré? Áfíríkà àti Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1966

Ní àkókò tí ọkọ̀ ojú irin ń ná Ìdógò, ibẹ̀ ni ẹ̀ka tí ó ya ní Ìfọ̀, tí ó sì gba Ìlaròó kọjá, parí sí. Ará Ìdógò tí ó bá wọkọ̀ ojú irin lọ sí Ìbàdàn kò lè ṣàì gba Ìfọ̀. Kò sí ẹni tí ó ka èyí sí ìrẹ́jẹ. Bí a ti la ọ̀nà ni. Ṣùgbọ́n nínú eré ìdíje, ènìyàn ni ó jókòó tí ó la ọ̀nà, ó sì yẹ kí á bi í léèrè ìdí rẹ̀.

Ìbéèrè yìí ni Áfíríkà gbé síwájú FIFA, àjọ tí ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní àgbáyé, ní ọdún 1964. Àyè 16 ni ó wà fún Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti 1966 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Yúróòpù gba 10, Gúúsù Amẹ́ríkà 4, Àríwá àti Àárín Amẹ́ríkà 1. Ẹyọ kan tí ó kù ni a fi sílẹ̀ fún Áfíríkà, Éṣíà àti Ọṣéáníà lápapọ̀. Ẹgbẹ́ tí ó bá gbégbá orókè ní Áfíríkà gbọ́dọ̀ tún lọ bá àwọn ti ọ̀hún wàákò. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí: Mòrókò gbégbá orókè ní Áfíríkà fún ìdíje 1962, Spéìn ni a sì ní kí ó lọ bá; Spéìn borí rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbèjà ìpín náà lè wí pé Íjíbítì nìkan, ní 1934, ni ó ti dé ìdíje yìí rí láti Áfíríkà. Òótọ́ ni. Àbùkù rẹ̀ ni pé orí pápá ni eléré ti ń fi agbára hàn, ọ̀nà pápá náà gan-an ni a sì dí. Ohene Djan ti Gánà wà lára àwọn tí ó ṣáájú ìjà náà, Ààrẹ Kwame Nkrumah sì tì wọ́n lẹ́yìn. Orílẹ̀-èdè 15, Nàìjíríà pẹ̀lú, fa ọwọ́ sẹ́yìn. Kòríà Àríwá, tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, ni ó gba àyè náà, ó sì na Ítálì ní 1–0.

Gánà ni ó pàdánù jù. Òun ni ó gba ife Áfíríkà ní 1963 àti 1965, síbẹ̀ kò dé Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé títí di 2006, nígbà tí àwọn eléré ìgbà náà ti di arúgbó.

Fún ìdíje 1970, FIFA fún Áfíríkà ní àyè kan tirẹ̀. Mòrókò ni ó gbà á mọ́ Nàìjíríà àti Sudan lọ́wọ́ ní ìpele tí ó kẹ́yìn. Kí ó tó dé ìpele náà, ó ti bá Tùnísíà ta ọ̀mì lẹ́ẹ̀mẹta; owó ẹyọ tí a jù sókè ni ó yàn án.