Bọ́lẹ̀kájà: Bí Àwọn Ará Oko Ìbàdàn Ṣe Fún Ẹ̀rọ Lójú

Ní 1998 ni BBC bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré kan hàn lórí tẹlifíṣọ̀n nílùú Òyìnbó, Robot Wars ni wọ́n pè é. Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá. Ní San Francisco ni Marc Thorpe ti kọ́kọ́ kó àwọn ẹ̀rọ oníjà jọ ní 1994. Wọ́n á tú ẹ̀rọ sí ojú agbo, wọ́n á máa kọlu ara wọn, wọ́n á máa fi ayùn rẹ́ ara wọn, títí ọ̀kan ò fi ní lè mira mọ́. Ìjà yẹn kọ́ ló gba àfiyèsí mi. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Sir Killalot dé akoto irin bíi jagunjagun ayé àtijọ́. Matilda ní eyín gígùn níwájú bí ẹlẹ́dẹ̀ igbó. Irin lásán ni gbogbo wọn, àmọ́ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ọmọ kékeré tó ń wò ó ti mọ èyí tí òun ń gbè lẹ́yìn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ má sọ pé ọgbọ́n òyìnbó nìyẹn o. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Akáǹrán, ká lọ sí Lálúpọn àti Ẹ̀rúnmu. Ẹ̀rọ tí orúkọ rẹ̀ gan-an jẹ́ ìpè sí ìjà ti rìn gbogbo ojú ọ̀nà wọ̀nyẹn já: bọ́lẹ̀kájà. Bọ́ sílẹ̀, ká jà! Àwọn kan ní àwọn èrò tó kọjú síra wọn lórí bẹ́ǹṣì, tí eékún ń lu eékún, ló máa ń bá ara wọn jà. Àwọn mìíràn ní àwọn mọ́tò-bọ́ì ló ń pe ara wọn níjà lórí èrò àti ẹrù. Ti ìkejì yìí ni mo fara mọ́. Ẹni tó bá ti dúró ní gáréèjì rí lọ́jọ́ ọjà á mọ ìdí rẹ̀.

Ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì gba Lálúpọn kọjá lọ sí Òṣogbo. Ní 1906 wọ́n la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, ó gba ọ̀nà Mọníyà. Ṣùgbọ́n kòkó kì í hù sí ẹ̀gbẹ́ títì nìkan. Orí ni wọ́n fi ń ru ú jáde láti inú oko, kí ọkọ̀ àjàgbé tó wá gba iṣẹ́ náà. Òwò irè oko àti ọkọ̀ wà lára ohun tó sọ Sàlámì Àgbájé di olówó ńlá n'Ìbàdàn, ọrọ̀ náà sì pọ̀ débi pé ní 1949 àwọn ìjòyè ìlú dìde sí i. Ìtàn ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Bedford ló pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ tí mo ń wí. Ilé iṣẹ́ Vauxhall ní Luton ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1931. Àwọn náà ló ṣe ọkọ̀ ogun Churchill nígbà ogun Hitler. Ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ wa ni ẹ́ńjìnnì, férémù irin àti iwájú ọkọ̀. Ìyókù dọwọ́ káfíńtà: pákó, bẹ́ǹṣì, òrùlé, tapólì tí wọ́n á tú sílẹ̀ bójò bá dé. Lẹ́yìn káfíńtà ló kan akọ̀wé sáìnbọ́ọ̀dù.

Ẹ fojú inú wò ó: Bedford mẹ́wàá dúró ní gáréèjì, bákan náà ni ìmú wọn rí. Báwo ni èrò á ṣe yan ọ̀kan? Akọ̀wé sáìnbọ́ọ̀dù á gba ọ̀dà, á kọ orúkọ sórí pákó tó wà lókè orí awakọ̀: "No Condition Is Permanent", "Sea Never Dry", "Ayé Lọjà". Á ya kìnnìún tàbí ẹyẹ idì sí ẹ̀gbẹ́. Iná méjèèjì iwájú di ojú, irin àárín di eyín. Bó o bá rí i tó ń bọ̀ nínú eruku, wàá yà fún un.

Ní abúlé tí mo dàgbà sí ní Lágelú, ìyá mi ò mọ̀wé kà. Síbẹ̀, á jẹ́ kí ọkọ̀ méjì kọjá, á jókòó ti agbọ̀n ata rẹ̀, ó ń retí "ọkọ̀ oníkìnnìún". Dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ yẹn ti gbé ẹrù rẹ̀ délé láìdín nígbà kan tí òjò dá wọn dúró sọ́nà mọ́jú. Kìnnìún kọ́ ló gbé ẹrù náà, dẹ́rẹ́bà ni. Ṣùgbọ́n kìnnìún ni ìyá mi fi dá dẹ́rẹ́bà mọ̀. Kò sí rìsíìtì, kò sí ìwé àdéhùn. Ara pákó yẹn ni orúkọ rere wà, ibẹ̀ náà ni orúkọ burúkú wà. Ẹni tó bá ja èrò lólè lọ́sẹ̀ yìí, àwòrán rẹ̀ ni gbogbo ọjà á máa pè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọgbọ́n yìí ti wà kí mọ́tò tó dé. Ìjàyè, tí Ìbàdàn fọ́ ní 1862, wà ní Akínyẹlé títí di òní. Àwọn tó ja irú ogun bẹ́ẹ̀ wọ gbérí tí wọ́n rán àdó, oǹdè àti owó ẹyọ mọ́. Kí idà tó jáde nínú àkọ̀, ẹ̀wù ti bá ọ̀tá sọ̀rọ̀. Àwọn awakọ̀, ọmọ Ògún ni wọ́n, wọn ò sì gbàgbé: bí màrìwò bá wà níwájú ọkọ̀, ẹni tó ń kọjá mọ̀ pé òkú ni wọ́n ń gbé, á ṣí fìlà.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ọ̀dà kì í tún búrèkì ṣe. Ọ̀pọ̀ kìnnìún ló wà tó jẹ́ pé igi tí mọ́tò-bọ́ì ń sáré fi há táyà nìkan ló ń dá a dúró lórí òkè. Wọlé Ṣóyínká kọ eré The Road jáde ní 1965 lórí àwọn awakọ̀ àti ikú ojú títì; ní 1988 òun náà ni alága àkọ́kọ́ fún àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé nígbà tí Chinweizu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé dìde sí Ṣóyínká ní 1980, wọ́n ní alárìíwísí bọ́lẹ̀kájà ni àwọn. Ẹ ò rí i bí orúkọ ọkọ̀ oko ṣe dé yunifásítì!

Mìcírà ló gba ojú ọ̀nà báyìí, ọ̀dà kan náà tí ìjọba yàn fún takisí ni gbogbo wọn kùn. Àwọn kan ṣì ń lẹ sítíkà mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn.

Ní Ọ̀nà-Àrà, mo rí pákó orúkọ bọ́lẹ̀kájà kan tí wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn ilé adìyẹ. Ikán ti jẹ ìdajì, lẹ́tà mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù, àmọ́ ọ̀dà pupa rẹ̀ ṣì ń dán. Bí irú rẹ̀ bá wà lẹ́yìnkùlé bàbá àgbà yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà á ní fọ́tò, kẹ́ ẹ sì bi àwọn àgbà léèrè ẹni tó kọ ọ́ àti abúlé tí ọkọ̀ náà ń ná.