Káìtì Ló Ṣáájú Dírónù

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń fi dírónù wọn ooru òfúrufú, ohun tó ń fò ni gbogbo ojú máa ń wò. Ọgbọ́n iṣẹ́ náà kò sí níbẹ̀ rárá. Iṣẹ́ yìí dàgbà ju dírónù lọ, ìṣòro kan náà ló sì ń bá a fínra láti ìbẹ̀rẹ̀: báwo ni ohun tí tẹmómítà rí lókè yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ wa nílẹ̀ láì yí padà? Lọ́dún 1749, ní Camlachie lẹ́bàá Glasgow ní Skọ́tílándì, Alexander Wilson, tó ń rọ lẹ́tà ìtẹ̀wé, àti Thomas Melvill, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìsìn, fi bébà ṣe káìtì bíi mẹ́fà, tí gíga wọn bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ bàtà 4 dé 7. Bí àkọ́kọ́ bá ti gbé okùn dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, wọn a so ìdí okùn náà mọ́ ẹ̀yìn èkejì, òun náà a gbéra. Okùn tí iná ń jẹ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi so tẹmómítà mọ́ àwọn káìtì òkè. Bí iná bá jẹ ẹ́ já, tẹmómítà a bọ́; wúruwùru bébà tí wọ́n dì mọ́ ọn ni kì í jẹ́ kó já lulẹ̀ kó fọ́.

Ẹnìkan lè ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbára lé, nítorí tẹmómítà tó ń bọ̀ láti òkè á gba inú afẹ́fẹ́ tó gbóná kọjá. Òótọ́ ni, ohun tí àwọn tó tẹ̀ lé wọn sì fi ọjọ́ ayé wọn wá ojútùú sí nìyẹn. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1894, ní Blue Hill lẹ́bàá Boston ní Amẹ́ríkà, káìtì gbé tẹmómítà tó ń fúnra rẹ̀ kọ̀wé lọ sókè: aago ń yí bébà, kálàmù ń fa ìlà sí i. Nígbà tó di ọdún 1930, bàlúùnù Pavel Molchanov ní Rọ́ṣíà ń fi rédíò ránṣẹ́ wálẹ̀.

Ẹlòmíì á ní káìtì kì í ṣe dírónù, kò ní ẹ́ńjìnnì, kò sì ṣeé darí. Mo gbà. Lọ́dún 1998, Aerosonde, ọkọ̀ òfúrufú kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú, tí wọ́n ṣe nítorí ojú ọjọ́, dá Òkun Àtìláńtíìkì kọjá láàárín wákàtí tí kò pé 27. Kò sí káìtì tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n dírónù mú wàhálà tirẹ̀ wá. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ń da afẹ́fẹ́ rú, mọ́tò rẹ̀ ń gbóná, oòrùn sì ń mú ara rẹ̀ gbóná. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá so tẹmómítà mọ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, ooru dírónù ló wọ̀n, kì í ṣe ti òfúrufú. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fara mọ́ àwọn tó ka ìkọ́ṣẹ́ yìí sí kíkọ́ bí a ṣe ń fi dírónù fò. Ọmọ bí ọdún mẹ́tàlélógún péré ni Melvill lọ́dún 1749, ohun tí òun àti Wilson sì jókòó rò ni wúruwùru bébà àti bí iná yóò ṣe pẹ́ tó lára okùn.